Ojú Ẹlẹ́rù Lára Ilẹ̀kùn Ògògà: Fíìmù, Ìwé àti Ìrìnàjò Tí Mo Fẹ́ Kí Ẹ Gbìyànjú

 

Iṣẹ́ tí àwọn tó pè mí fi rán mi rọrùn lórí ìwé. Wọ́n ní kí n sọ fíìmù tó yẹ kí ènìyàn wò lásìkò yìí, ìwé tó yẹ kó kà, àti ibi tó yẹ kó gbéra lọ fi ojú ara rẹ̀ rí. Ìgbà tí mo jókòó tì í ni mo mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí fíìmù tuntun kì í jáde. Dátà wọ́n, iná kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró, owó ìwé sì ti kúrò ní ohun tí òbí ń mú jáde lápò láìronú. Bí mo bá wá ka orúkọ ogún fíìmù àti ogún ìwé sí yín létí, ẹ ó ti gbàgbé púpọ̀ nínú wọn kí ẹ tó dé gáréèjì. Nítorí náà mo wá òṣùwọ̀n kan, èyí tí ẹ̀yin náà lè mú lọ sílé, kí ẹ máa fi wọn ohunkóhun tí mi ò bá dárúkọ. Mi ò rìn jìnnà kí n tó rí i. Ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́ yìí, ló ti jáde wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí mo ń sọ kò sí níbẹ̀ mọ́.

Láàárín nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914, Ògògà ìgbà náà pe ọkùnrin kan láti Ìsẹ̀ pé kó wá gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn sí ààfin òun. Ọlọ́wẹ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀ ló ti lo ayé rẹ̀, lábẹ́ Arínjálẹ̀, ọba ibẹ̀, Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ ni gbogbo ayé sì ń pè é títí di òní. Ọ̀kan nínú ohun tó gbẹ́ ni ilẹ̀kùn aláwẹ́ méjì kan. Ìtàn tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe ti ayé ìgbà ìwáṣẹ̀. Ohun tó ṣojú àwọn ará ìlú yìí ni: ọjọ́ tí Kápíténì Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ilẹ̀ Èkìtì, wá bá Ògògà lálejò, nígbà tí ọ̀rúndún ogún fẹ́ máa wọlé. Lára awẹ́ kan, ọba gúnwà pẹ̀lú adé lórí, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Lára awẹ́ kejì, wọ́n gbé òyìnbó bọ̀. Kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ilẹ̀. Àwọn tó gbé e wà níbẹ̀. Àwọn tó ru ẹrù rẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Àwọn ẹlẹ́rù yìí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò. Gbẹ́nàgbẹ́nà mìíràn ì bá kàn fá wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ohun tí a fi dí àyè. Ọlọ́wẹ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbẹ́ wọn jinlẹ̀ débi pé ara wọn yọ kúrò lára pákó, ó sì yí orí àwọn kan padà kí wọ́n lè kọjú sí ẹni tó ń wo ilẹ̀kùn. Ẹ ó rí ọrùn tó ń gba ìwúwo ẹrù. Ẹ ó rí i pé ọ̀nà jìn. Ọba ló sanwó iṣẹ́, òyìnbó ló ni ariwo ọjọ́ náà, síbẹ̀ agbẹ́gilére yìí rí i pé ẹni tó ń ru ẹrù kọjá náà ní ojú.

Ẹ gbọ́ ibi tí ilẹ̀kùn náà wà báyìí. Ní 1924, wọ́n kó o lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù, láti fi ohun inú àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso hàn. Àwọn British Museum rí i, ojú wọn wọ̀ ọ́, wọ́n ní àwọn fẹ́ rà á. Ògògà kọ̀, kò tà á. Pàṣípààrọ̀ ló gbà: kí wọ́n ṣe ìtẹ́ kan fún òun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ṣe ìtẹ́ náà, ilẹ̀kùn sì dúró sí Lọ́ńdọ̀nù. Bóyá pàṣípààrọ̀ yìí dọ́gba tàbí kò dọ́gba, mo ní èrò tèmi, ṣùgbọ́n ọjọ́ mìíràn lọjọ́ ìyẹn.

Ojú àwọn ẹlẹ́rù yẹn ni òṣùwọ̀n mi. Bí mo bá wo fíìmù tán tàbí mo bá pa ìwé dé, mo máa ń bi í pé: ṣé ẹlẹ́rù ní ojú níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú fíìmù, torí mo mọ̀ pé òun ni ọ̀pọ̀ yín wá gbọ́. Láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni fíìmù ọba àti ogun ti gba òde ní èdè wa. Netflix ló gbé púpọ̀ nínú wọn sórí afẹ́fẹ́, ọmọ wa tó wà ní Peckham àti èyí tó wà ní Òkè-Ọ̀ṣun níbí sì lè máa wo ọ̀kan náà ní alẹ́ ọjọ́ kan náà. Inú mi dùn sí i. Bàbá ẹlòmíràn ná owó ilé ẹ̀kọ́ kí ọmọ má baà gbọ́ Yorùbá mọ́. Fíìmù wá ń ṣe àtúnṣe rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Èyí tí mo fi ṣáájú ni Ẹlẹ́ṣin Ọba, tí Bíyí Bándélé darí. Inú eré onítàn tí Wọlé Ṣóyínká kọ ní 1975 ló ti fà á yọ, ọ̀rọ̀ tó sì ṣẹlẹ̀ ní ìlú Ọ̀yọ́ lẹ́yìn ikú Aláàfin Ládìgbòlù ní 1944 ni Ṣóyínká gùn lé. Ikú ọba nìyẹn, àti ẹni tó yẹ kó bá ọba lọ, àti ajẹ́lẹ̀ òyìnbó tó ní òun ò ní gbà. Bándélé kú ní oṣù kẹjọ 2022, kò rí ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi iṣẹ́ náà han gbogbo ayé ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ọ̀dúnladé Adékọ́lá, ọmọ Ọ̀tùn-Èkìtì, ló ṣe Ẹlẹ́ṣin. Ọ̀pọ̀ yín ti mọ̀ ọ́n sí aláwàdà, ẹ lọ wo ohun tí ojú rẹ̀ ń ṣe nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá fẹ́ lọ mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ará ọjà ló gba fíìmù náà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Shaffy Bello tó ṣe Ìyálọ́jà kò pariwo, ó kàn dúró ni. Àwọn ọmọbìnrin tó fi ọlọ́pàá ṣẹ̀sín lójú ọjà, ẹ ó mọ̀ wọ́n, irú wọn wà ní ọjà ọba nítòsí ibí. Àwọn kan sọ pé ọ̀rọ̀ pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òótọ́ ni. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì ni etí á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jẹun.

Jagun Jagun ti 2023, tí Fẹ́mi Adébáyọ̀ gbé jáde, ni òdìkejì rẹ̀. Ọmọ yín ọkùnrin ti wò ó, kò sí iyè méjì. Ogun inú rẹ̀ dára lójú, aṣọ dára, òògùn ń ṣiṣẹ́, Látééf Adédiméjì sì fi gbogbo ara ṣe Gbọ́tìjà. Ẹjọ́ tí mo ní ni pé òkú ń ṣubú bí èso tí atẹ́gùn gbọ̀n lórí igi, kò sì sí ìyá kankan tó sunkún wọn. Abúlé tí wọ́n jó, ta ló ń gbé ibẹ̀? Kí ni wọ́n ń gbìn? Fíìmù náà kò bìkítà. Ẹ wò ó fún ìgbádùn, kò burú, mo wò ó bẹ́ẹ̀.

Látééf kan náà ló ṣe Lísàbí ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Níyì Akínmọláyan ló sì darí rẹ̀. Mo fi èyí ga ju Jagun Jagun lọ, nítorí pé ìtàn Lísàbí fúnra rẹ̀ kò gbà kí ẹlẹ́rù sá pamọ́. Àgbẹ̀ ni wọ́n. Inú àáró, tí àgbẹ̀ kan ń bá àgbẹ̀ kejì ro oko, ni àwọn Ẹ̀gbá ti kó ara wọn jọ láti bọ́ lọ́wọ́ àwọn ìlàrí Ọ̀yọ́ tó ń wá gba ìṣákọ́lẹ̀. Èyí tí mo máa sọ fún òǹwòran Èkìtì ni pé kó rántí bí ó ti ń wò pé ilẹ̀ tirẹ̀ náà ti ṣe irú rẹ̀: ogun Kírìjì tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà parapọ̀ fi kojú Ìbàdàn láti 1877. Ẹ sì jẹ́ kí n fi èyí kún un, ó ti ń dùn mí pẹ́. Nínú gbogbo fíìmù ọba wọ̀nyí, bí Ọ̀yọ́ ṣe ń sọ̀rọ̀ ni gbogbo ọba ń sọ̀rọ̀. Ọ̀dúnladé wá láti Ọ̀tùn, mi ò tíì gbọ́ kí wọ́n jẹ́ kó sọ èdè Èkìtì nínú fíìmù ńlá kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tí ẹnì kan bá ní àwọn òǹwòran ò ní gbọ́ ọ, ẹ bi í pé kí ni ìkọ̀wé ìsàlẹ̀ fíìmù wà fún.

Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan ṣe ní 2022: ẹ wo fíìmù náà, kí ẹ sì fi èyí tó ṣe tẹ̀ lé e ní 2024 sílẹ̀ títí àyè yóò fi wà. Fíìmù àkọ́kọ́ mọ ibi tó ń lọ. Sáró jẹ́ ahunṣọ, kamẹ́rà sì mọyì òfì rẹ̀. Abúlé tí ẹ ń wò níbẹ̀ kì í ṣe àwòrán, Afọláyan kọ́ ọ sí Igbójàyè ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àwọn ènìyàn ń lọ ṣèbẹ̀wò síbẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e fa ìtàn náà gùn ju bó ṣe yẹ lọ.

House of Ga'a ti Bọ́láńlé Austen-Peters, 2024, ṣeé wò, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wá Baṣọ̀run Gáà tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ. Ẹni tó bá ti ka Fálétí á mọ ohun tó sọnù.

Ẹ fún mi láyè díẹ̀ lórí èyí tó kàn, torí kò sí ọba nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí idà. My Father's Shadow ni orúkọ rẹ̀. Akinola Davies ló darí rẹ̀, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Wale ló sì kọ ọ́. Ní oṣù karùn-ún 2025, òun ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó wọ inú àwọn tí àjọ̀dún Cannes ní ilẹ̀ Faransé yàn fúnra rẹ̀. Bàbá kan mú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì láti abúlé lọ sí Èkó fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Kí ni bàbá ń lọ ṣe? Owó oṣù tí wọ́n jẹ ẹ́ ló ń lọ béèrè. Epo bẹtiróò wọ́n, ọkọ̀ kò rìn tán. Ọdún 1993 ni, gbogbo ìlú ń dúró de èsì ìdìbò June 12. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì tó wà nínú yàrá yìí, mo rí i bí ẹ ṣe ń mi orí. Nígbà yẹn, inú ìpínlẹ̀ Oǹdó ni gbogbo wa ṣì wà. 1996 ni Èkìtì tó dá dúró. Gómìnà Oǹdó ní 1993 jẹ́ ọmọ ìlú Ìkẹ́rẹ́ yìí, Bámidélé Olúmilúà, tí orúkọ rẹ̀ wà lára yunifásítì yín. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ibí rárá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì, píjìn àti Yorùbá ni wọ́n sọ pọ̀ nínú rẹ̀. Ojú ọmọdé ni a fi wo gbogbo rẹ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo ẹni tí bàbá náà bá pàdé lójú títì fi ní ìwúwo: awakọ̀, ẹlẹgbẹ́ iṣẹ́, ṣọ́jà tó ń wo inú ọkọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé owó fíìmù kan péré lẹ ní, èmi á ní kí ẹ ná an sí èyí.

Mo mẹ́nu ba ìtàn. Láti ọdún ẹ̀kọ́ 2009 sí 2010 ni wọ́n ti yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò láàyè ara rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti sẹ́kọ́ńdìrì kékeré ní Nàìjíríà, kí wọ́n tó wá ní àwọn ń dá a padà. Ọmọ tó bọ́ sí àárín ọdún wọ̀nyẹn, Netflix ni tíṣà ìtàn rẹ̀. Mi ò fi ṣe èébú. Ṣùgbọ́n tíṣà tí kò lè dáhùn ìbéèrè ni, ó sì máa ń fi idà sí gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti le. Ìwé ló lè dá a lóhùn.

Ìwé kan wà tó fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe egungun ẹ̀yìn. A Spell of Good Things ni, tí Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ tẹ̀ jáde ní 2023. Tíṣà ìtàn ni bàbá Ẹniọlá, ọmọkùnrin inú ìwé náà. Ìjọba dá àwọn tíṣà bẹ́ẹ̀ dúró níṣẹ́ pé ẹ̀kọ́ wọn kò wúlò. Bàbá jókòó sílé, kò lè dìde. Ìyá ń tọrọ. Ọmọ di ọmọ iṣẹ́ télọ̀, àwọn olóṣèlú sì wá rí ọmọ tí ebi ń pa. Ní òdì kejì ìlú, ọmọ olówó kan ń ṣe dókítà, wọ́n ń múra ìgbéyàwó rẹ̀. Òǹkọ̀wé náà kò jẹ́ kí apá méjèèjì pàdé kí ó tó yá, èyí ló sì ń jẹ́ kí ọkàn ènìyàn máa mì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, ó wúwo díẹ̀ fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàwé. Kí tíṣà kà á fún kíláàsì.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ka Yorùbá tí kò ní dá yín lẹ́nu, ẹ padà sọ́dọ̀ Ọládẹ̀jọ Òkédìjí. Àjà Ló Lẹrù ti wà láti 1969, mo sì ń dárúkọ rẹ̀ láàárín ohun tuntun nítorí pé kò sí ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí mo kà láìpẹ́ tó lè fi ọwọ́ kàn án. Lápàdé, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú rẹ̀, mọ àwọn awakọ̀, ó mọ àwọn ọlọ́jà, ó mọ àwọn tó ń sùn sí gáréèjì. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ̀rọ̀ ló fi ń tú àṣírí. Gbogbo ìwé náà, ojú ẹlẹ́rù ni.

Ṣùgbọ́n ìwé tí mo torí rẹ̀ gbà láti wá síbí ni ti ọmọ yín. Ọdún 1947 ni wọ́n bí Níyì Ọ̀ṣúndáre ní Ìkẹ́rẹ́ yìí, sínú ilé àgbẹ̀. Ó lọ kàwé, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ní New Orleans ní Amẹ́ríkà. Ní 1986, ìwé ewì rẹ̀, The Eye of the Earth, gba ẹ̀bùn ewì Commonwealth. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ Ìkẹ́rẹ́ mọ orúkọ rẹ̀ láìtíì rí ìwé náà. Òkúta yín wà nínú rẹ̀! Ọlọ́sunta àti Òròólé dìde níbẹ̀ láti wá pàdé ọmọ tó ń padà bọ̀ wálé, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀, ó ń dá wọn lóhùn. Ọ̀rọ̀ wúrà inú òkúta náà wà níbẹ̀. Ó sì kọ ọ́ sí orí àwọn ewì kan pé kí ìlù máa lọ lábẹ́ ohùn ẹni tó ń kà á. Nítorí náà, kíkà tí à ń kà á bí ìwé ìròyìn, à ń fi ìyà jẹ ẹ́ ni. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ̀yin ẹgbẹ́ tó pè mí wá onílù àgbà kan, kí ẹ wá ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì tó ní ohùn, kí àgbàlagbà kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì sì máa sọ ọ́ ní ohùn Ìkẹ́rẹ́ bí wọ́n ti ń lọ. Kò ní ná yín ju owó onílù lọ.

Bí ìyẹn bá dùn mọ́ yín, ẹ tẹ̀ síwájú sí City Without People, tó jáde ní 2011. Ìjì Katrina ló bí i. Omi bo ilé rẹ̀ ní New Orleans ní 2005, ìwé àti iṣẹ́ àfọwọ́kọ rẹ̀ bá omi lọ. Ẹ ka méjèèjì pọ̀, ti òkúta àti ti omi. Songs of the Marketplace, ti 1983, ni èyí tí mo máa fi lé ọmọ tó ń bínú sí ìjọba lọ́wọ́.

Ó ku ibi tí ẹ máa lọ. Mo mọ̀ pé bí a bá ti ní ìgbafẹ́, ọkàn ẹlòmíràn ti lọ sí Dubai. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Ọlọ́sunta. Ẹ lọ ní àárọ̀ kùtù kí oòrùn tó gba òkúta, ẹ wọ bàtà tó di ẹsẹ̀ mú, kí ẹ má sì gùn ún ní àsìkò òjò torí ó máa ń yọ̀. Kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀, ẹ wá ẹni ìlú tó lè mú yín lọ, kí ẹ sì béèrè ibi tí ojúbọ wà àti ibi tí àlejò kì í dé. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni òkè àti ẹni tó ni àṣẹ, ẹ má fi olùdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá ọkọ̀ padà sílé lálẹ́ sí àárín rẹ̀. Ẹ mú ìwé Ọ̀ṣúndáre dání.

Lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ lọ sí Ìsẹ̀. Ẹ kí Arínjálẹ̀ bó ti yẹ, kí ẹ béèrè ọ̀rọ̀ Ọlọ́wẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbà. Ọdún 1938 ló kú, ọdún kan náà tí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà jáde. Ní 1988, ọ̀jọ̀gbọ́n Amẹ́ríkà kan, John Pemberton, ṣì bá ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ láyé, ó sì gba oríkì ọkọ náà sílẹ̀ lẹ́nu ìyá yẹn. Ọdún 1998 ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ọnà Áfíríkà ní Washington fi gbogbo ìpàtẹ kan bu ọlá fún un, Roslyn Adele Walker sì kọ ìwé odidi nípa rẹ̀. Mi ò tíì rí fíìmù kankan lórí ọkùnrin yìí. Ọmọ tó bá ní fóònù tó ya àwòrán dáadáa lè bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Ìtàn wà, ilé wà, àwọn àgbà tó lè sọ̀rọ̀ wà, èdè Èkìtì náà sì wà lẹ́nu wọn.

Ní Ìsẹ̀ kan náà, igbó ìjọba wà tí ìnàkí ṣì ń gbé. Àwọn tó ń gégi àti àwọn tó ń dáko ti ń gba ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń mú kúlà àti ẹ̀rọ orin lọ. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó bá àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó sọ̀rọ̀ ná.

Ẹ̀yin ará Ẹmùrẹ́, Ọ̀wọ̀ ló súnmọ́ yín jù. Láti 1968 ni ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin Ọlọ́wọ̀. Ní 1971 ni Ekpo Eyo wú àwọn ère amọ̀ àtijọ́ jáde ní Igbó'Lájà nínú ìlú náà. Mo ti rí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kó gba iwájú ibẹ̀ kọjá lọ sí ibi ìlúwẹ̀ẹ́.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà lókè òkun, ẹ rán an níṣẹ́. Bó bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù, wíwọ British Museum kò gba owó. Kó béèrè fún ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́, bí kò bá sí ní ìta, àwòrán rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn. Bó bá wà ní Chicago, òpó Ògògà wà ní Art Institute níbẹ̀: ọba jókòó, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ga ju ọba lọ, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lára ìtẹ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìyàwó ilé wo èyí lórí fóònù wọn, kí wọ́n sọ fún wa ohun tí wọ́n rò. Bó bá wà ní Washington, abọ́ kan wà níbẹ̀ tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́, obìnrin kan kúnlẹ̀ gbé e lọ́wọ́, àwọn obìnrin ń jó lórí ọmọrí rẹ̀. Nísàlẹ̀ abọ́ náà, láàárín àwọn ènìyàn kéékèèké tó gbé e ró, orí kan wà tó ń yí kiri fàlàlà. Inú igi kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti jáde. Orí náà kò lẹ̀ mọ́ nǹkan kan, kò sì ṣeé yọ.

Mo rí i pé alága ti ń wo aago. Ẹni tó bá ti wo fíìmù tí mo bú, tó sì fẹ́ràn rẹ̀, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ fún ní makirofóònù.